Àmì Kẹta Tí Mi Ò Kọ

Ọlọ́run Ọba tó jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn jáde níbi iṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ fọpẹ́ fún. Nínú àwọn tá a jọ bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ti kú kí owó ìfẹ̀yìntì wọn tó jáde. Èmi rí tèmi gbà. Mò ń jẹun, mò ń sùn, orúnkún mi sì ṣì ń gbà fún mi láti kírun lórí ìdúró. Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹni tó bá ka ìyókù má bàa pè mí ní aláìmoore.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí wa ní Ìfọ̀ máa ń wá bá mi. Wọ́n á ní, "Bàbá, wọ́n ní ilé iṣẹ́ àyíká ń gba èèyàn. Ṣé iṣẹ́ gidi ni?" Ìdáhùn mi kì í kúrú, wọn kì í sì í ní sùúrù tó o. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ síbí.

Ìwó ni bàbá mi ti wá. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé e dé Ìfọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí mi sí. Kí n tó mọ lẹ́tà òyìnbó kankan, ilé-kéwú Alfa Búsàrí ni wọ́n mú mi lọ. Alfa yìí ló kọ́ mi bí a ṣe ń mú gègé ìkọ̀wé, bí a ṣe ń ti í bọ tàdáà, yíǹkì kéwú, láìjẹ́ kó kán sílẹ̀. Tí ìlà rẹ bá wọ́, yóò ní kí o fọ wàláà, pákó tí a ń kọ kéwú sí, kí o tún un kọ. Fífọ rẹ̀ gan-an ní òfin. Omi tó mọ́ la fi ń fọ̀ ọ́. Èyí tó bá ṣàn kúrò lára rẹ̀, a kì í dà á sójú ọ̀nà, torí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wà nínú rẹ̀. Ìdí igi ọsàn kan lẹ́yìn ilé la máa ń dà á sí, níbi tí ẹsẹ̀ èèyàn kì í tẹ̀. Odindi ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe èyí lójoojúmọ́. Ẹ bá mi fi í sọ́kàn, mò ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Láti ilé-kéwú mo bọ́ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí àwọn mùsùlùmí dá sílẹ̀, mo kàwé mẹ́wàá, mo sì lọ kọ́ iṣẹ́ ìmọ́tótó àyíká. Ìjọba ìbílẹ̀ gbà mí. Owó oṣù kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n tọrọ jẹ. Mi ò ní ju èyí lọ láti sọ nípa owó.

Ẹni tí wọ́n fi mí sọ́dọ̀ rẹ̀ ni Bàbá Ọlátúnjí, ògbólógbòó wolé-wolé. Onígbàgbọ́ ni, kì í mu ọtí, kì í gba ẹ̀bùn, kì í sì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní ọ̀pá kan tó ti fi ọ̀bẹ fá ìlà sí lára, òun ló fi ń wọn gọ́tà. Ọjọ́ kejì tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a lọ sí Àgbàdó, sí gọ́tà kan tó gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Omi inú rẹ̀ dúdú bí epo mọ́tò tí wọ́n ti lò.

"Sùlè," ó ní, "wọ inú ẹ̀."

"Bàbá, ó jìn o."

"Mo mọ̀ pé ó jìn. Mo fẹ́ mọ bó ṣe jìn tó. Wọ inú ẹ̀."

Mo wọ inú rẹ̀ tòun ti bàtà tuntun. Ó ní kò sí bí òun ṣe máa fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni lórí gọ́tà tí ẹsẹ̀ onítọ̀hún kò dé. Ó tẹ̀ lé òfin yìí títí tó fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Tí mo bá mú ìwé wá, ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi ló máa kọ́kọ́ wò.

Iṣẹ́ tó ka sí jù ni àmì. Ọ̀dà pupa ni a fi ń kọ ọ́ sára ilé tàbí ògiri tó bá dí ojú omi. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń po ọ̀dà náà, kò gbọdọ̀ ṣàn, kò sì gbọdọ̀ ki jù. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ní gbólóhùn mẹ́ta péré. "Ìlà kan: a ti rí ọ. Ìlà méjì: a ti bá ọ sọ̀rọ̀. Ìlà mẹ́ta: ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ àwa." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ wà láàárín àmì kan sí èkejì. Tí kò bá sí àmì kẹta, fáìlì kò lè kúrò lọ́ọ́físì wa lọ sí Abẹ́òkúta. Tí fáìlì kò bá sì dé Abẹ́òkúta, kò sí katapílà tó máa wó ohunkóhun.

Mo kọ àmì kẹta kan wọ́ ní Akute lọ́jọ́ kan. Bàbá ní kí n fi ọ̀bẹ ha á kúrò kí n tún un kọ. Onílé jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ń jẹ gúgúrú, ó ń wò wá.

"Alfa," ó pè mí bẹ́ẹ̀ nítorí fìlà mi, "tẹ́ ẹ bá fọ wàláà yẹn tán, ẹ má gbàgbé kẹ́ ẹ mu omi ẹ̀ o."

Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Bàbá Ọlátúnjí ń wò mí. Kò fi mí sílẹ̀ títí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi tọ́. Nígbà tí a ń lọ ló tó sọ pé, "Wọ́n lè fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Ṣáà jẹ́ kí ìlà ẹ tọ́."

Bàbá ní nígbà tí òun ṣì jẹ́ ọmọdé lẹ́nu iṣẹ́, tí wolé-wolé bá wọ àdúgbò, àwọn ìyá á máa sáré da omi ìkòkò nù, wọ́n á máa gbálẹ̀ kiri. Mo bi í pé ṣé ẹ̀rù òfin ló ń bà wọ́n. Ó ní rárá o, adájọ́ ni. Ní gbogbo Ọjọ́rú ni adájọ́ máa ń jókòó fún ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó, ẹni tí wọ́n bá sì mú lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́rú náà ló máa gba ìdájọ́. Nígbà tí èmi fi máa dàgbà lẹ́nu iṣẹ́, adájọ́ Ọjọ́rú ti di ìtàn.

Lẹ́yìn tí Bàbá fẹ̀yìntì, wọ́n kó wa sábẹ́ ilé iṣẹ́ àyíká tuntun tí ìjọba dá sílẹ̀. Wọ́n ra aṣọ aláwọ̀ ewé fún wa. Wọ́n ní agbára ti dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí, ẹ fara balẹ̀ ka ibi tí agbára náà mọ. A lè kọ àmì, a ò lè wó ilé. Ọ́fíìsì mìíràn ló ń fọwọ́ sí i pé kí èèyàn kọ́lé, wọn kì í sì í bi wá bóyá ojú omi ni. Ọ́fíìsì mìíràn ló ni títì, òmíràn ló ni ọlọ́pàá. Katapílà wà ní Abẹ́òkúta, ọ̀nà mẹ́ta ló sì ti gbọ́dọ̀ gba ìbọwọ́lùwé kó tó sún. Nígbà tí epo kò bá sí nínú ọkọ̀ wa, kẹ̀kẹ́ márúwá la máa ń wọ̀ lọ ti ilé iṣẹ́ ńlá pa. Mo rántí ọ̀kan lẹ́bàá Ìfọ̀ tí èéfín rẹ̀ ń mú àwọn ọmọ ilé ìwé ní ikọ́. A fi kọ́kọ́rọ́ tì í láàárọ̀. Kí n tó kí ìrun alásárì, wọ́n ti pe ọ̀gá wa lórí fóònù. Ó wá bá mi níbi tí mo ti ń ṣe àlùwàlá.

"Alfa, ẹ lọ bá wọn ṣí i."

"Ọ̀gá, inú ìwé wo ni mo fẹ́ kọ ọ́ sí?"

"Ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé kankan."

Èmi kan náà tí mo tì í ni mo lọ ṣí i. Mẹ́gáàdì wọn gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì kí mi kú iṣẹ́.

Àwọn ọ̀gá àgbà wá, wọ́n lọ. Ìjọba tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á mú tirẹ̀ wá, olúkúlùkù á sì gbé nǹkan tuntun kan dé. Ọ̀kan ní a ò gbọdọ̀ lo búrọ́ọ̀ṣì mọ́, páànù tí wọ́n ti gé lẹ́tà sí lára ni ká máa gbé mọ́ ògiri. Ẹni tó tẹ̀ lé e fi ìwé alálẹ̀mọ́ rọ́pò rẹ̀, òjò àkọ́kọ́ ló bó o dànù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó fóònù pẹlẹbẹ wá pé ká máa ya fọ́tò. Ó dára, fọ́tò kì í purọ́. Àmọ́ ẹni tí fọ́tò yẹn ń lọ bá kò mọ gọ́tà, kò sì sí ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ ṣòkòtò ẹnikẹ́ni mọ́. Àwa àgbà ṣì ń lo ọ̀dà pupa fún àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí ohun tí òfin mọ̀ nìyẹn.

Ọ̀gá kan ṣoṣo ló wà tó fẹ́ ṣiṣẹ́. Obìnrin ni. Ó bá wa wọ odò ní Mówe pẹ̀lú bàtà òjò, ó sì ní kí a kó gbogbo fáìlì àmì kẹta wá fún òun. Inú mi dùn débi pé mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ kan fi dúpẹ́. Oṣù kejì ni wọ́n gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé àtijọ́.

Mo wá dé Ìbàfò.

Odò kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, èèyàn lè fò ó. Lápá òkè odò ni Ìyá Kẹ́mi ń gbé, aránṣọ ni, opó, ará Iléṣà tó ra ìdajì pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ tó sì kọ́ yàrá méjì sí i. Ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú màmá yẹn, kò lè dá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Lápá ìsàlẹ̀ ni alájì kan ti ra ilẹ̀ ńlá láti fi ṣe búlọ́ọ̀kù, ó sì mọ ògiri gba orí odò náà kọjá. Ihò kékeré kan ló fi sílẹ̀ fún omi. Bí òjò bá ti rọ̀, omi á padà sẹ́yìn, á wọ yàrá Ìyá Kẹ́mi.

Ó wá sí ọ́fíìsì wa. Mo wọ inú odò yẹn bí Bàbá Ọlátúnjí ṣe kọ́ mi. Mo wọn ihò náà, kò tó apá mi. Mo kọ àmì kìíní. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, mo kọ èkejì. Ìyá Kẹ́mi ń ka ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀kẹta pé, èmi àti Sánmi, ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́, gbé ọ̀dà lọ.

Nígbà tí a débẹ̀, a ò rí àmì wa mọ́. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun bo ògiri náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n sì ti fi dúdú kọ orúkọ Ọlọ́run mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún sórí rẹ̀ lédè Lárúbáwá, lókè, nísàlẹ̀, láàárín. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀wé. Mo dúró, mò ń kà á láti ọwọ́ ọ̀tún. Kò sí ibi tí àtẹ́lẹwọ́ èèyàn lè gbà tí orúkọ kò sí.

"Alfa," Sánmi ní, "kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Mo sọ fún un.

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Ẹ wá ibì kan nísàlẹ̀ kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí."

"Kò síbì kankan."

"Ẹ jẹ́ kí èmi kọ ọ́ nígbà náà. Èmi ò lè kà á."

"Sánmi, gbé búrọ́ọ̀ṣì yẹn sílẹ̀."

Mo na ìka kan sí igun ògiri. Ọ̀dà náà jẹ́ olómi, èyí tí wọ́n ń fi omi pò, kò tíì gbẹ dáadáa, ó sì lẹ̀ mọ́ mi níka. Áńkáṣíìfù mi ni mo fi nu ún, mi ò jẹ́ nu ún mọ́ ṣòkòtò. Mo ká a sínú àpò àyà. Mo ṣí ìwé iṣẹ́, mo sì kọ ọ́ pé: Ògiri ti kún.

Lọ́ọ́físì, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni kò bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ kan, á ní ògiri ti kún. Mo lọ bá ọ̀gá àgbà ìgbà yẹn pé kí wọ́n jẹ́ kí fáìlì náà lọ pẹ̀lú àmì méjì. Kò tilẹ̀ gbé orí sókè.

"Alfa, ìbò ń bọ̀. Ṣé ogun ẹ̀sìn lẹ fẹ́ kó bá mi?"

"Ọ̀gá, odò ni ẹjọ́ yìí."

"Ẹ lọ wá ibi tẹ́ ẹ máa kọ àmì yín sí. Òfin ní mẹ́ta."

Ìyá Kẹ́mi wá lọ́sẹ̀ kejì. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo ṣàlàyé fún un.

"Kí ni wọ́n wá kọ síbẹ̀, sà?"

"Orúkọ Ọlọ́run ni."

Ó ní, "Èmi náà ń sin Ọlọ́run o. Kò sọ fún mi pé òun nílò ògiri lórí odò." Ó dìde. "Ẹ bá mi ṣe é kí òjò tó dé, sà. Màmá mi ò lè rìn."

Mo ní màá ṣe é. Mo ń kọjá níwájú ògiri yẹn, mò ń wò ó, mi ò sì ṣe nǹkan kan. Kí n má purọ́, inú mi tilẹ̀ ń dùn sí ara mi díẹ̀. Mo rò pé mo ti yan Ọlọ́run ju iṣẹ́ lọ.

Òjò bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan. Ìyá Kẹ́mi ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kó tó bẹ̀rẹ̀, kò sì rí ọ̀nà padà, torí títì ti di odò. Omi kọ́kọ́ kóra jọ sẹ́yìn ògiri, ó padà lọ sókè, ó wọ àwọn ilé. Nígbà tó yá, ó ti ògiri náà ṣubú, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kó tó ṣubú ó ti pẹ́ jù. Àwọn aládùúgbò tó lúwẹ̀ẹ́ dé yàrá náà bá òkú màmá yẹn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì náà kò kúrò níbi tó wà.

Mo débẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Àwọn orúkọ náà wà nínú ẹrẹ̀, lára búlọ́ọ̀kù tó fọ́, àwọn èèyàn sì ń tẹ̀ wọ́n kọjá. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń ṣa àwọn tí lẹ́tà ṣì wà lára wọn, mo ń tò wọ́n sórí ibi gíga. Mo ti ṣa tó bíi mẹ́wàá kí n tó mọ̀ pé Ìyá Kẹ́mi jókòó sórí àga kan níwájú ilé rẹ̀, ó ń wò mí.

"Alfa," ó ní, ohùn rẹ̀ kò le rárá, "ṣé búlọ́ọ̀kù lẹ wá ṣà?"

Mo gbé èyí tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀.

Ọ̀gá àgbà wá pẹ̀lú àwọn oníròyìn. Ó ní àwọn ará àdúgbò ló ń da ilẹ̀ sínú odò. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, mo gba ìwé wí-tẹnu-rẹ, pé kí ni ìdí tí mi ò fi kọ àmì kẹta. Mo kọ òótọ́ síbẹ̀, wọ́n sì fi ìgbéga mi dúró ọdún méjì. Ìyẹn kò dùn mí. Èyí tó dùn mí ni ohun tí ìyàwó mi sọ. Òun náà kéwú lọ́dọ̀ Alfa Búsàrí, kíláàsì kan la jọ wà. Mo jókòó sórí ẹní, mò ń ṣàlàyé fún un bó ṣe jẹ́ pé mùsùlùmí kankan kò lè fi ọ̀dà pupa gba orí orúkọ Ọlọ́run. Ẹ̀wà ló ń ṣà. Ó gbọ́ mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

"Ọ̀dà wo ni wọ́n fi kọ ọ́?"

"Olómi ni. Kò tíì gbẹ nígbà náà."

Ó dá ọwọ́ dúró. "Bàbá Ràṣídà, ṣé a kì í fọ wàláà ni?"

Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi fi omi mímọ́ fọ orúkọ Ọlọ́run kúrò lára wàláà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, tí mo sì ń dà á sídìí ọsàn, kò sì sẹ́ni tó ní mo ṣẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi méjì àti kànìnkànìn kan ni ògiri yẹn ń fẹ́. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n ṣe. Orí mi ni kò bi ọwọ́ mi léèrè.

Àwọn ọ̀rẹ́ ń tù mí nínú pé bí mo bá tilẹ̀ kọ ọ́, katapílà kò ní wá, torí alájì náà mọ èèyàn. Ó ṣeé ṣe. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, ìsọ̀ àwọn aláìní ni mo rí tí wọ́n wó jù. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ìyẹn sùn, torí iṣẹ́ ti katapílà kọ́ ni mo gbà. Iṣẹ́ àmì mẹ́ta ni, mo sì ṣe méjì. Ilé iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́ta lọ, àìkọ ọ̀kan nínú rẹ̀ ti mú gbogbo agbára náà tán.

Mo ti fẹ̀yìntì. Ìyá Kẹ́mi ti ta yàrá méjì náà, ó ti padà sí Iléṣà. Lọ́dún tó kọjá mo gba Ìbàfò kọjá, mo sì rí i pé wọ́n ti mọ ògiri náà padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti kọ orúkọ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún sí i lára padà. Ẹsẹ̀ mi kò jẹ́ kí n lè kọjá. Mo ra kànìnkànìn níwájú ọjà, mo pọn omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì níbi kànga mọ́ṣáláṣí, mo sì gbé méjèèjì débẹ̀. Mo ṣe Bísímíláì, mo bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún.

Mẹ́gáàdì kan jáde sí mi. Kò bínú, ọjọ́ orí mi ló ń wò.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló rán yín?"

Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi mí ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi. Mo máa ń dáhùn pé ìjọba ni.

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

Ó tẹjú mọ́ ọwọ́ mi, ó tẹjú mọ́ ògiri. "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Bàbá. Ọ̀dà elépo ni wọ́n lò lọ́tẹ̀ yìí."

Mo ṣì fọ̀ ọ́ títí omi fi tán. Kò sí lẹ́tà kan tó ṣí. Omi tó ṣàn sílẹ̀ mọ́ bó ṣe wà nínú kànga.